Nọ́ńbà tó dín ẹyọ kan: ṣé 2,147,483,647 ṣe é pín?

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ń ṣe géèmù kan lórí fóònù mi. Owó tó ń pa nínú géèmù náà dé 2,147,483,647, láti ọjọ́ náà kò kúrò lójú kan mọ́, bó ti wù kó gbá a tó. Ó ní òun ti fi gbogbo nọ́ńbà láti 2 títí dé 100 pín in, kò sí ọ̀kan tó pín in tí kò ṣẹ́ kù. Ohun tó ń bi mí ni pé: ṣé nọ́ńbà yìí kò ṣe é pín rárá ni, àbí òun ni kò tíì dé ibi tó ti máa pín? Ohun tí èmi fẹ́ mọ̀ ni pé: ta ló lọ yan irú nọ́ńbà báyìí, ṣé fóònù mi ló ti bàjẹ́ ni? Ìyá kan ní Ìbàdàn.”

Ẹ ṣé o, ìyá wa. Ẹ bá mi kí ọmọ yín kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọmọ tó jókòó, tó pín nọ́ńbà oní-díjíìtì mẹ́wàá nígbà mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, tí ẹnikẹ́ni kò fi pàṣán lé e lórí, ọmọ tó yẹ ká dá lóhùn dáadáa ni.

Fóònù yín kò bàjẹ́. Nọ́ńbà náà kò sì ṣe é pín. Yàtọ̀ sí 1 àti òun fúnra rẹ̀, kò sí nọ́ńbà kan láyé tó máa pín 2,147,483,647 tí nǹkan kò ní ṣẹ́ kù. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ là ń pè ní práìmù. Bí ọmọ yín bá ń pín in lọ títí di ọ̀la, títí di àmọ́dún, kò ní dé ibi tó máa pín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ dára ju èsì ṣókí yìí lọ, torí pé ó béèrè bí èèyàn ṣe lè mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ pẹ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pe nọ́ńbà náà ní èdè wa. Bílíọ̀nù méjì, mílíọ̀nù mẹ́tàdínláàádọ́jọ, ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó ó lé mẹ́tàlélọ́gọ́rin, àti ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ẹ gbọ́ “dín” tó wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn baba wa kì í fìgbà gbogbo ka nọ́ńbà sókè láti ìsàlẹ̀. Wọ́n máa ń gòkè lọ síbi tó kún, wọ́n á wá yọ ohun tó dín. Ọ̀kàndínlógún ni wọ́n ń pe 19: ogún ló fẹ́ jẹ́, ẹyọ kan ló dín. Bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà yìí rí. Ẹ mú 1, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ẹ tún sọ èyí tẹ́ ẹ rí di ìlọ́po méjì, kí ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀: 2, 4, 8, 16, 32. Nígbà tẹ́ ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ ó bá 1,024. Ní ogún ìgbà, 1,048,576. Ní ọgbọ̀n ìgbà, 1,073,741,824. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, kó di ìgbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹ ó dé 2,147,483,648. Ẹ wá yọ ẹyọ kan. Òun nìyẹn. Àwa oníṣirò máa ń kọ ọ́ báyìí: 2³¹ − 1. Ẹyọ kan tó dín yẹn ló fà á tí géèmù fi dúró, òun náà ló sì jẹ́ kí èèyàn rí ọ̀nà mọ̀ pé nọ́ńbà náà kò ṣe é pín.

Ọ̀rọ̀ géèmù ni kí n kọ́kọ́ sọ. Ẹ wo ọ̀pẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́ babaláwo. Awẹ́ mẹ́jọ ló wà lára rẹ̀, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Bí ó bá ti jù ú sílẹ̀, awẹ́ kọ̀ọ̀kan á ṣíjú sókè tàbí kó dojú dé, kò sí ọ̀nà kẹta. Awẹ́ kan lè jáde lọ́nà méjì, awẹ́ méjì lọ́nà mẹ́rin, awẹ́ mẹ́ta lọ́nà mẹ́jọ. Tó bá fi máa kan awẹ́ kẹjọ, ó ti di ọ̀nà 256. Ìdí nìyẹn tí odù Ifá fi jẹ́ 256, ojú odù 16 àti ọmọ odù 240. Inú kọ̀ǹpútà, àti fóònù tó jẹ́ kọ̀ǹpútà kékeré, bẹ́ẹ̀ náà ló rí: iná wà níbí tàbí iná kò sí. Ibi kọ̀ọ̀kan tí iná ti lè wà tàbí kó má sí là ń pè ní bíìtì. Ọ̀pọ̀ géèmù máa ń fi bíìtì 32 pamọ́ fún iye owó, èyí tó dà bí ẹni ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin tẹ̀ léra, tó sì kọ gbogbo awẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n tó rí sílẹ̀.

Ọ̀nà tí bíìtì 32 lè gbà jáde jẹ́ 4,294,967,296. Ṣùgbọ́n èèyàn lè jẹ gbèsè, kọ̀ǹpútà náà sì gbọ́dọ̀ lè kọ gbèsè sílẹ̀. Nítorí náà, ìdajì àwọn ọ̀nà yẹn lọ fún nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn òdo, àwọn tí à ń fi àmì ìyọkúrò ṣáájú. Ìdajì tó kù jẹ́ 2,147,483,648. Òdo fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àyè tirẹ̀ nínú ìdajì yìí, torí ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ náà gbọ́dọ̀ ní ohun tí a ó kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Òdo mú àyè kan. Ohun tó ṣẹ́ kù fún owó gidi ni 2,147,483,647. Kò sí ẹni tó jókòó yàn án. Ibi tí àyè ti tán nìyẹn.

Ẹni tó kọ géèmù ọmọ yín ṣe dáadáa: ó ní bí owó bá ti dé òkè pátápátá, kó dúró. Ká ní kò ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ẹyọ owó kan péré tí ọmọ yín bá tún jẹ sí i, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà á yí i po lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, bí nọ́ńbà kìlómítà inú ọkọ̀ ṣe máa ń kúrò ní 999,999 lọ sí òdo. Olówó á sùn, á sì jí ní ajigbèsè tó jẹ 2,147,483,648. Nǹkan báyìí kì í ṣe eré ní gbogbo ìgbà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1996, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 gbéra ní Kourou ní Guiana ilẹ̀ Faransé. Nọ́ńbà kan nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ tóbi ju àyè bíìtì 16 tí wọ́n fẹ́ kó o sí, òkè àyè yẹn kò sì ju 32,767 lọ. Ní nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú àáyá, rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ti fọ́ yángá sójú ọ̀run.

Nọ́ńbà tiwa yìí náà ní ọjọ́ tirẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ló ń mọ aago nípa kíka ìṣẹ́jú àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1970. Àwọn tó ń fi bíìtì 32 ka tiwọn á dé ẹnu ààlà ní ọjọ́ Tuesday, 19 oṣù Kìíní ọdún 2038, nígbà tí aago Nàìjíríà bá lu mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá àti ìṣẹ́jú àáyá méje ní ìdájí. Ìṣẹ́jú àáyá tó tẹ̀ lé e, èyí tí wọn kò bá tún ṣe nínú wọn á gbà pé oṣù Kejìlá ọdún 1901 lòun wà. Àwọn fóònù tuntun ti ń fi bíìtì 64 ka àkókò, wọn kò ní ìṣòro. Ẹ̀rọ àtijọ́ tó wà lára ògiri ilé iṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí wò láti ọdún gbọọrọ, ló ń kọ mí lóminú.

Ó yá, ẹ pe ọmọ yín wá jókòó tì yín.

Ọmọ mi, o ti dé 100. Mélòó ló kù? Bí nọ́ńbà kan bá pín sí ọ̀nà méjì, ọ̀kan nínú méjèèjì kò lè tóbi jù. 46,341 lọ́nà 46,341 ti kọjá nọ́ńbà wa, nítorí náà bí ó bá ní ohun tó máa pín in, ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà tí kò ju 46,340 lọ. O kò sì nílò láti gbìyànjú 4 tàbí 6 tàbí 9, torí ohun tí 6 bá pín, 2 àti 3 ti pín in ṣáájú. Práìmù nìkan ló kù fún ọ láti gbìyànjú, wọ́n sì lé ní 4,700 kó o tó dé 46,340. Bó o bá ń ṣe mẹ́wàá lóòjọ́, yóò gbà ju ọdún kan lọ.

Ọkùnrin kan wà tí kò ní láti gbìyànjú tó bẹ́ẹ̀. Leonhard Euler lorúkọ rẹ̀, ọmọ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní St. Petersburg ní Rọ́ṣíà. Lọ́dún 1772, nígbà tó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, tí ojú rẹ̀ méjèèjì sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán, ni àlàyé rẹ̀ jáde pé 2,147,483,647 jẹ́ práìmù. Iye nọ́ńbà tí ọ̀nà rẹ̀ fi sílẹ̀ láti gbìyànjú kò ju 372 lọ. Ọ̀nà tó gbà ni mo fẹ́ kó o rí.

Mú 7. Fi 7 pín 2, 4, 8, 16, 32, 64, kó o sì kọ ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́sẹẹsẹ. Wà á rí 2, 4, 1, 2, 4, 1. Ká ka ìlọ́po kọ̀ọ̀kan sí ọjọ́ kan: 2 ni ọjọ́ kìíní, 4 ni ọjọ́ kejì, 8 ni ọjọ́ kẹta. Ó ń yí po bí ọjà ọrọọrún: ọjọ́ tó yẹ kó pé ló ń pé, kì í sún síwájú, kì í fà sẹ́yìn. Ọjọ́ ọjà 7 ni ọjọ́ tí ohun tó ṣẹ́ kù bá jẹ́ 1, torí bó o bá yọ ẹyọ kan lọ́jọ́ náà, kò ní sí ohun tó kù, 7 á sì pín in dọ́gba. Ọjọ́ kẹta, ìkẹfà, ìkẹsàn-án ni ọjà 7 máa ń ná. Ṣé ó ná lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n? Rárá. Ọjọ́ ọgbọ̀n ló ná, ọjọ́ kejì rẹ̀ la dé. Ohun tó ṣẹ́ kù lọ́jọ́ náà jẹ́ 2. Yọ ẹyọ kan, 1 ló kù. Lọ wò ó nínú ìwé tó o fi ṣe ìpín rẹ: 7 lọ́nà 306,783,378 jẹ́ 2,147,483,646, ẹyọ kan ló kù sílẹ̀. Wo ti 3, ti 11 àti ti 31 náà. Ọjà 3 ń ná ní ọjọ́ méjì-méjì, ti 31 ní ọjọ́ márùn-ún-márùn-ún, ti 11 ní ọjọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá, gbogbo wọn ló ná lọ́jọ́ ọgbọ̀n, gbogbo wọn ló sì ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Mo mọ̀ pé o rí 1 yẹn léraléra nígbà tó ò ń pín, o sì lè ti rò pé ó kàn ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni.

Wàyí o, bí práìmù kan bá fẹ́ pín nọ́ńbà wa, ọjà tirẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sí ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n gẹ́lẹ́. Iye ọjọ́ tí ọjà rẹ̀ fi ń yí po gbọ́dọ̀ pín 31 dọ́gba. Ṣùgbọ́n 31 fúnra rẹ̀ jẹ́ práìmù! 1 àti 31 nìkan ló lè pín in, ọjà tó ń ná lójoojúmọ́ kò sì sí nínú èyí tí à ń sọ. Nítorí náà, ọjà práìmù yẹn gbọ́dọ̀ máa yí po ní ọjọ́ 31. Amòfin ará Faransé kan, Pierre de Fermat, ti rí òfin kan lọ́dún 1640: iye ọjọ́ tí ọjà práìmù kan fi ń yí po gbọ́dọ̀ pín práìmù náà tí a bá yọ ẹyọ kan lára rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni ti 7, 3 sì pín 6. Ọjọ́ mẹ́wàá ni ti 11, 10 pín 10. Márùn-ún ni ti 31, 5 pín 30. Bí ti práìmù tí à ń wá bá jẹ́ 31, a jẹ́ pé bí a bá yọ ẹyọ kan lára rẹ̀, 31 á pín ohun tó kù. 2 náà á sì pín in, torí práìmù tó ju 2 lọ kì í pín sí méjì dọ́gba. Nítorí náà 62 á pín in. Kò sí práìmù kan tó lè pín 2,147,483,647 àfi èyí tó jẹ́ ẹyọ kan lé ní 62, tàbí lé ní ìlọ́po 62.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ lóye ibi yìí, mo dìde lórí àga. Ẹyọ kan tó dín lára nọ́ńbà ńlá ló di ẹyọ kan tó lé lára nọ́ńbà kékeré.

Euler tún ní ajọ̀ kejì. Bí práìmù kan bá pín 2³¹ − 1, a jẹ́ pé tó bá pín 2³¹, ẹyọ kan ló máa ṣẹ́ kù. Tó bá wá pín 2³², méjì ló máa ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n 2³² ni 65,536 lọ́nà ara rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo práìmù ni nọ́ńbà kan lọ́nà ara rẹ̀ lè ṣẹ́ 2 kù fún: àwọn tó jẹ́ pé bí 8 bá pín wọn, 1 tàbí 7 ló máa kù nìkan ni. Pa ajọ̀ méjèèjì pọ̀, ohun tó bọ́ sílẹ̀ ni pé kí práìmù náà lé ní ìlọ́po 248 pẹ̀lú 1, tàbí kó lé pẹ̀lú 63. Láti ibẹ̀ dé 46,340, irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ jẹ́ 372 péré, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ jẹ́ práìmù, bíi 249 tó jẹ́ 3 lọ́nà 83, a kàn ń fò wọ́n ni. Èyí àkọ́kọ́ tó yẹ kó o dán wò ni 311. Ó wọ inú nọ́ńbà wa nígbà 6,905,092, ó ṣẹ́ 35 kù. Lẹ́yìn rẹ̀, 1,303: ó ṣẹ́ 226 kù. Lẹ́yìn rẹ̀, 1,489: ó ṣẹ́ 199 kù. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ dé òpin, kò sí èyí tó pín in. Gbogbo ìpín mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún tó o ṣe, ọmọ mi, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní ìrètí láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò sọ èyí kó o lè bínú, torí ìpín wọ̀nyẹn ló jẹ́ kó o béèrè.

Má rò pé bí iye ìgbà tí a sọ 2 di ìlọ́po bá ti jẹ́ práìmù, gbogbo rẹ̀ ti parí. 11 jẹ́ práìmù, ṣùgbọ́n 2¹¹ − 1 jẹ́ 2,047, èyí tó jẹ́ 23 lọ́nà 89. (Yọ ẹyọ kan lára 23, yọ ẹyọ kan lára 89, kó o wò ó bóyá 22 pín méjèèjì.) Àlùfáà ará Faransé kan, Marin Mersenne, to àwọn tó gbà pé wọ́n jẹ́ práìmù sílẹ̀ lọ́dún 1644. Ó tọ̀nà lórí 31, ó ṣì í lórí 67. Ó di ọdún 1903 kí Frank Nelson Cole tó fi nọ́ńbà méjì tó pín 2⁶⁷ − 1 han àwọn oníṣirò Amẹ́ríkà: 193,707,721 àti 761,838,257,287. Orúkọ Mersenne la ṣì fi ń pe gbogbo ìdílé nọ́ńbà yìí títí di òní, tiwa sì ni ìkẹjọ nínú àwọn tó jẹ́ práìmù.

Lọ́dún 1811, Peter Barlow, oníṣirò ará Gẹ̀ẹ́sì, mú nọ́ńbà wa yìí, ó fi 2³⁰ sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tó rí ni 2,305,843,008,139,952,128. Bó o bá kó gbogbo nọ́ńbà tó pín in jọ, yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀, tó o sì ro wọ́n pọ̀, òun náà lo máa bá, bí 6 ṣe jẹ́ 1 àti 2 àti 3. Barlow kọ ọ́ sílẹ̀ pé irú rẹ̀ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni kò ní rí i láéláé, torí wọn kò wúlò fún nǹkan kan, kò sì sí ẹni tó máa fẹ́ wá wọn. Wọ́n wá wọn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni wọ́n kéde èyí tó tóbi jù nínú ìdílé náà di àkókò tí mò ń kọ èyí: 2 tí a sọ di ìlọ́po nígbà 136,279,841, kí a yọ ẹyọ kan. Díjíìtì rẹ̀ ju mílíọ̀nù mọ́kànlélógójì lọ.

Ìyá wa, bí ọmọ yín bá dé inú géèmù tuntun tó ń lo bíìtì 64, owó tibẹ̀ kò ní dúró ní bílíọ̀nù méjì. 2⁶³ − 1 ni ibi tí àyè tirẹ̀ ti tán: 9,223,372,036,854,775,807. Ẹ fún un ní ìwé àti bírò, ẹ má fún un ní fóònù. Kó kọ́kọ́ sọ fún yín, láìpín ohunkóhun, bóyá ọjà 7 ná lọ́jọ́ kẹtàlélọ́gọ́ta. Lẹ́yìn náà, kó fi 7 pín nọ́ńbà náà. Ó yẹ kó rí 1,317,624,576,693,539,401, láìsí ohun tó ṣẹ́ kù. Kó wá tún fi 7 pín èyí tó rí yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Mi ò ní sọ ohun tó máa bá níbẹ̀ fún un.